Ogun tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jà nítorí ilẹ̀ Odò Ohio: ta ni ó ni ilẹ̀ náà gan-an?

Ìyá Ìbejì Pittsburgh béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí gbogbo yín o. Ìlú Pittsburgh ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ọmọ mi ọkùnrin gbé iṣẹ́ àmúrelé dé láti ilé ìwé, wọ́n ní kí ó kọ ojú ìwé méjì nípa ogun tí àwọn ará ibí ń pè ní "French and Indian War", èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1754 tí ó sì parí ní 1763. Ohun tí ọmọ náà kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni pé àwọn Faransé àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n dojú ìjà kọ ara wọn. N kò bá a wí, nítorí bí orúkọ náà ṣe dún ní etí èmi náà nìyẹn. Ìgbà tí a jọ jókòó ti ìwé rẹ̀ ni a tó rí i pé Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n ń jà, àti pé ilẹ̀ ni wọ́n ń jà lé lórí.

Nígbà tí ó di ọjọ́ Sátidé, mo kó àwọn ọmọ lọ sí ibi tí Odò Allegheny àti Odò Monongahela ti pàdé tí wọ́n sì di Odò Ohio. Ọgbà ìgbafẹ́ ni wọ́n sọ ibẹ̀ dà báyìí. Wọ́n fi òkúta to àmì odi Faransé tí ó ń jẹ́ Fort Duquesne sí inú koríko, àwọn ìbejì sì sá yí i ká kí n tó rí ibi tí n ó jókòó sí, nítorí odi náà kò tóbi rárá. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ni ilé bíríkì kékeré kan wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1764, tí wọ́n dá ihò tí wọ́n ń gbà yìnbọn sí lára, tí ó sì dúró títí di òní. Mo ń wo omi méjèèjì bí wọ́n ṣe ń wọ inú ara wọn, ó sì ń ṣe mí ní kàyéfì pé nítorí igun ilẹ̀ yìí ni àwọn ará Yúróòpù fi pa ara wọn bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọmọ mi wá bi mí tí n kò rí èsì rẹ̀ nìyí: nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ní òun ni òun ni ilẹ̀, tí Faransé náà ní òun ni òun ni ín, kí ni kálukú wọn rí tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí? Àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ta ilẹ̀ náà ni, àbí wọ́n fi ta ẹnì kan lọ́rẹ?


Olùkọ́ Ìtàn fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àmójútó àwọn ọmọ. Ẹ̀kọ́ ìtàn ni mo fi gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ mi kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé gírámà títí mo fi fẹ̀yìn tì, n ó sì gbìyànjú láti là á sílẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe fún wọn. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí a kọ́kọ́ yanjú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n tẹ̀ dó sí Amẹ́ríkà ni wọ́n sọ ogun náà ní orúkọ yẹn, wọ́n sì fi orúkọ àwọn ọ̀tá wọn pè é: ogun tí a bá Faransé àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tí wọ́n gbè sẹ́yìn Faransé jà. Bí ará Èkìtì bá ní bàbá ńlá òun ja ogun Ìbàdàn, a kò ní rò pé Ìbàdàn nìkan ni ó wà lójú ogun. Ní Yúróòpù, Ogun Ọdún Méje ni wọ́n ń pè é, nítorí ní 1756 ni ọba Gẹ̀ẹ́sì àti ti Faransé tó kéde ogun ní gbangba, lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn wọn ti ń pa ara wọn nínú igbó Amẹ́ríkà fún ọdún méjì gbáko.

Ohun tí kálukú wọn ń wá ní Ohio kò dọ́gba. Àwọn Faransé kò pọ̀. Ní gbogbo Kánádà, iye wọn kò ju nǹkan bí 60,000 sí 70,000 lọ, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n wà ní etí òkun ti lé ní mílíọ̀nù kan. Òwò awọ ẹranko onírun ni Faransé ń bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ṣe, ohun tí wọ́n sì ń fẹ́ ni ojú omi tí yóò so Kánádà ní àríwá pọ̀ mọ́ Louisiana ní gúúsù. Odò Ohio tí ó ṣàn wọ Mississippi ni ojú ọ̀nà náà. Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn ń wá ilẹ̀ oko, àwọn olówó àárín wọn sì ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò gé tà. Àwọn ọlọ́rọ̀ kan ní Virginia dá ẹgbẹ́ oníṣòwò ilẹ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ohio Company, ọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún wọn ní 200,000 éékà ní 1749, bí wọ́n bá lè kó ìdílé 100 lọ tẹ̀ dó síbẹ̀ láàárín ọdún méje, kí wọ́n sì kọ́ odi kan. Robert Dinwiddie tí ó ń ṣe ìjọba Virginia ní ìpín nínú ẹgbẹ́ náà. Àwọn ẹ̀gbọ́n George Washington náà ní ìpín níbẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá kà á nínú ìwé ọmọ yín pé Dinwiddie rán Washington lọ lé Faransé kúrò lórí ilẹ̀ ọba, ẹ fi sí ọkàn pé ilẹ̀ tí ẹni tí ó ránṣẹ́ ń retí èrè lórí rẹ̀ ni.

Ní ọdún 1749 yẹn kan náà ni Faransé rán ọ̀gágun kan tí ó ń jẹ́ Céloron de Blainville, pẹ̀lú àwọn ènìyàn tí ó lé ní 200, kí wọ́n fi ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wa Odò Ohio. Ẹ̀rí tí ọmọ yín ń béèrè, òun ni wọ́n lọ rì mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé àwọn pẹlẹbẹ òjé dání tí wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ sí lára pé ti Ọba Louis Kẹẹ̀ẹ́dógún ni odò náà àti gbogbo ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ti ń ṣàn wá. Bí wọ́n bá dé ibi tí odò kan ti já sínú òmíràn, wọn a gbẹ́ ilẹ̀, wọn a sin ọ̀kan síbẹ̀, wọn a sì kan àmì ọba mọ́ ara igi. Nínú ilẹ̀ o! Ẹni tí ó bá gbin pèrègún sí ààlà, ó gbìn ín kí aládùúgbò lè rí i ni. Ohun tí a rì mọ́lẹ̀, ta ni ó fẹ́ kà á?

Ní òpin 1753, Washington tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 21 gbé ìwé Dinwiddie lọ sí odi Faransé kan nítòsí Adágún Erie. Ọ̀gágun tí ó bá níbẹ̀ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un ní oúnjẹ, ó sì dá a lóhùn pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́ pé àwọn kò ní kúrò. Nígbà tí Washington ń bọ̀ nílé nínú òtútù Oṣù Kejìlá, ó já bọ́ láti orí igi tí wọ́n so pọ̀ sínú Odò Allegheny tí yìnyín ń ṣàn nínú rẹ̀, díẹ̀ ni ó sì kù kí omi gbé e lọ. Àgbègbè ìlú yín gan-an ni èyí ti ṣẹlẹ̀, Ìyá Ìbejì. Afárá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìrékọjá yẹn sọ.

Ní ọjọ́ 28 Oṣù Karùn-ún 1754, Washington àti nǹkan bí 40 ọmọ ogun, pẹ̀lú ìjòyè ọmọ ìbílẹ̀ kan tí ó ń jẹ́ Tanaghrisson àti àwọn ènìyàn rẹ̀, ká àwọn Faransé bíi mélòó kan mọ́ àfonífojì kan ní òwúrọ̀ kùtù. Ìjà náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Jumonville tí ó jẹ́ olórí àwọn Faransé náà kú níbẹ̀. Ìròyìn tí àwọn òpìtàn gbà jù ni pé Tanaghrisson ni ó fi àáké là á ní orí lẹ́yìn tí ìbọn ti dákẹ́. Faransé ní ikọ̀ alálàáfíà tí ó ń jíṣẹ́ ni Jumonville, Gẹ̀ẹ́sì ní amí ni.

Washington sá padà lọ kọ́ odi igi róbótó kan sí àárín pápá tí ó kún fún omi, ó sì pè é ní Fort Necessity. Ní ọjọ́ 3 Oṣù Keje, arákùnrin Jumonville kó ọmọ ogun dé, wọ́n lúgọ sábẹ́ igi ní etí igbó, wọ́n sì ń yìnbọn lu àwọn tí wọ́n wà ní gbangba. Òjò rọ̀ láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Yàrà kún, ẹ̀tù tutù, ìbọn kọ̀ kò dún. Ní òru, wọ́n gbé ìwé àdéhùn wá ní èdè Faransé, èyí tí Washington kò gbọ́. Ògbufọ̀ rẹ̀ kà á fún un lábẹ́ iná àbẹ́là nínú òjò, ó sì fọwọ́ sí i. Inú ìwé náà ni ó ti jẹ́wọ́ pé "ìṣìkàpànìyàn" ni ikú Jumonville, Faransé sì gbé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn káàkiri Yúróòpù. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ni mo ti máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò lè kà, ẹni tí mo sì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ ni ààrẹ àkọ́kọ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, London fi ọ̀gágun àgbà Edward Braddock ránṣẹ́. Ní ọjọ́ 9 Oṣù Keje 1755, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé Fort Duquesne, Faransé àti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ yí wọn ká nínú igbó. Nínú nǹkan bí 1,300 ọmọ ogun, nǹkan bí 900 ni wọ́n kú tàbí tí wọ́n fara gbọgbẹ́. Braddock náà kú. Àárín ojú ọ̀nà ni wọ́n sin ín sí, gbogbo ọmọ ogun àti kẹ̀kẹ́ ẹrù sì tẹ orí sàréè náà kọjá kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí ó wà.

Yòókù kò ní pẹ́ mi sọ. Láti 1758 ni àjálù ti kúrò lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí William Pitt, mínísítà tí ó ń darí ogun náà ní London, ń náwó sí i bí ẹni pé kò ní tán. Wọ́n gba Louisbourg, odi ńlá Faransé ní etí òkun, ní Oṣù Keje, àwọn Faransé sì fi ọwọ́ ara wọn dáná sun Fort Duquesne ní Oṣù Kọkànlá. Ní ọjọ́ 13 Oṣù Kẹsàn-án 1759, Wolfe, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, kó àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gun etí òkè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ní òru dé ẹ̀yìn odi Québec. Ìjà tí ó tẹ̀ lé e kò tó wákàtí kan, ó sì gbé òun àti Montcalm, olórí ogun Faransé, lọ. Montréal túúbá ní Oṣù Kẹsàn-án 1760. Nínú àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní Páríìsì ní ọjọ́ 10 Oṣù Kejì 1763, Faransé yọ̀ǹda Kánádà àti gbogbo ilẹ̀ tí ó wà ní ìlà oòrùn Mississippi fún Gẹ̀ẹ́sì, àyàfi New Orleans.


Awọnlẹ̀ Ìbàdàn fèsì pé:

Mo kí Bàbá Olùkọ́ fún àlàyé yìí. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni mo ń ṣe, nítorí náà apá ìkejì ìbéèrè Ìyá Ìbejì ni ó mú mi lọ́kàn: ṣé wọ́n ta ilẹ̀ náà ni? Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n tà á, ṣùgbọ́n ẹni tí ó tà á kọ́ ni ó ń gbé orí rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀ rí lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀ ní àyíká Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú yóò mọ ibi tí mò ń lọ.

Àwọn orílẹ̀-èdè mẹ́fà kan wà tí wọ́n parapọ̀ di àjọ kan ní àríwá, ní apá tí a ń pè ní New York lónìí. Haudenosaunee ni wọ́n ń pe ara wọn, Iroquois ni àwọn òyìnbó ń pè wọ́n. Wọ́n ní àwọn ti fi ogun ṣẹ́gun gbogbo àwọn tí wọ́n wà ní Ohio látijọ́, nítorí náà abẹ́ àwọn ni ilẹ̀ náà wà, bí ẹni tí ó ń retí ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀. Àwọn Lenape, Shawnee àti Mingo ni wọ́n ń dáko níbẹ̀ tí wọ́n sì ń ṣọdẹ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn Lenape jẹ́ ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ti lé kúrò ní ìlà oòrùn Pennsylvania tẹ́lẹ̀.

Ní 1744, àwọn aṣojú Iroquois fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú Virginia ní ìlú Lancaster. Ohun tí wọ́n rò pé àwọn ń tà ni àfonífojì Shenandoah. Ṣùgbọ́n ìwé àṣẹ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún Virginia ní ayé àtijọ́ sọ pé ilẹ̀ rẹ̀ lọ títí dé òkun tí ó wà ní ìwọ̀ oòrùn, àwọn ará Virginia sì kọ àdéhùn náà lọ́nà tí yóò fi gba gbogbo ohun tí ó wà nínú ìwé àṣẹ yẹn. Bí a bá fi ojú iṣẹ́ mi wò ó, ìwé ilẹ̀ tí kò ní ààlà ní ìhà kan ni. Kò sí òpó, kò sí igi, kò sí odò tí a tọ́ka sí pé níbí ni ó parí sí. Mo ti rí irú rẹ̀ ní ilé ẹjọ́ níbí, ó sì máa ń jẹ́ ọmọ-ọmọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí i ni wọn yóò máa bá ara wọn ṣẹjọ́.

Nígbà tí ó di 1752, Virginia tún lọ sí Logstown ní etí Odò Ohio kí àwọn tí ó wà níbẹ̀ lè fi ọwọ́ sí ohun tí wọ́n ti rà. Tanaghrisson tí Bàbá Olùkọ́ dárúkọ ni ó fọwọ́ sí i. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní "Half King", bí ẹni pé ọba aláàbọ̀, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ ní orúkọ Iroquois láàárín àwọn ará Ohio, ṣùgbọ́n àṣẹ tirẹ̀ kò dé ibi kan. Ní Albany ní 1754, wọ́n tún ta ilẹ̀ ńlá kan ní ìwọ̀ oòrùn Pennsylvania fún ìdílé Penn, àwọn tí wọ́n ń gbé orí rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀. Kí ẹ má baà rò pé ó tán síbẹ̀, ní 1768, lẹ́yìn tí ogun ti parí, Iroquois tún ta ilẹ̀ tí ó wà ní gúúsù Odò Ohio ní Fort Stanwix. Àwọn Shawnee ni wọ́n ń ṣọdẹ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì kọ́.

N kò sọ pé Faransé sàn ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ ní ìwé tí ẹnì kan fọwọ́ sí. Faransé ní òjé tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn sin, tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn fọwọ́ sí.


Àbíkẹ́ Ọmọ Ẹ̀gbá fèsì pé:

Ẹ má bínú o, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí ẹ̀yin méjèèjì sọ yé mi, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé àwọn onílẹ̀ kàn jókòó tí wọ́n ń wòran ni. Wọn kò jókòó. Kí Braddock tó wọ inú igbó, Shingas tí ó jẹ́ olórí ogun Lenape lọ bá a, ó bi í pé bí àwọn bá ràn án lọ́wọ́ láti lé Faransé lọ, kí ni yóò ṣe pẹ̀lú ilẹ̀ náà. Gẹ́gẹ́ bí Shingas fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lẹ́yìn náà fún ẹnì kan tí wọ́n mú ní ìgbèkùn, Braddock dá a lóhùn pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa gbé ibẹ̀ tí wọn yóò sì jogún rẹ̀, kò sí ìpín fún wọn. Shingas kó àwọn ènìyàn rẹ̀ padà sílé. Díẹ̀ péré nínú àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ni ó kù sẹ́yìn Braddock ní ọjọ́ ìjà náà, láìpẹ́ sí ìgbà náà ni Shingas sì ń dáná sun oko àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ààlà Pennsylvania.

Èyí tí ó tún yẹ kí ọmọ Ìyá Ìbejì kọ sínú iṣẹ́ rẹ̀ ni bí Fort Duquesne ṣe bọ́ ní tòótọ́. Bàbá Olùkọ́ sọ pé Faransé dáná sun ún, òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ni ó lé wọn? Ní Oṣù Kẹwàá 1758, Gẹ̀ẹ́sì bá àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ṣe ìpàdé ńlá ní Easton. Pisquetomen, ẹ̀gbọ́n Shingas, rin ọ̀nà jíjìn láti Ohio wá síbẹ̀. Pennsylvania dá púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n rà ní Albany padà, wọ́n sì ṣèlérí pé àwọn kò ní tẹ̀ dó sí ìwọ̀ oòrùn òkè Allegheny. Nígbà tí ìròyìn yẹn dé Ohio, àwọn tí wọ́n ti ń gbè sẹ́yìn Faransé fi wọ́n sílẹ̀, odi náà sì dá wà. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ó jóná. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà wà lára ohun tí ó lé Faransé kúrò ní Pittsburgh, kì í ṣe ìbọn nìkan.

Ẹ gbọ́ ohun tí Gẹ̀ẹ́sì wá ṣe. Kàkà kí wọ́n padà sílé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí, wọ́n kọ́ Fort Pitt sí ibi kan náà, ó sì tóbi ju ti Faransé lọ fíìfíì. Nígbà tí àdéhùn Páríìsì dé ní 1763, àwọn ọmọ ìbílẹ̀ bínú gidigidi, nítorí Faransé kò ní ilẹ̀ náà, báwo ni ó ṣe lè fi tọrẹ? Pontiac, olórí ogun àwọn Ottawa, àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè mìíràn gbógun ti àwọn odi Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún yẹn. Inú Fort Pitt ni ọ̀ràn kúbùsù ti ṣẹlẹ̀: ní Oṣù Kẹfà, àwọn aṣojú Lenape méjì wá bá wọn sọ̀rọ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì fún wọn ní kúbùsù méjì àti aṣọ ìnujú kan láti ilé tí wọ́n kó àwọn tí olóde ń bá jà sí. Oníṣòwò tí ó wà nínú odi náà kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì fi kún un pé òun nírètí pé yóò ṣiṣẹ́. Ẹ̀bùn ni wọ́n pè é.

Nítorí ogun Pontiac yìí ni ọba Gẹ̀ẹ́sì fi pàṣẹ ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹwàá 1763 pé kí àwọn ará Amẹ́ríkà má ṣe rékọjá òkè lọ gba ilẹ̀ mọ́. Inú àwọn oníṣòwò ilẹ̀ kò dùn sí i rárá, Washington náà sì wà lára wọn. Gbèsè ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ gbèsè ìjọba London di ìlọ́po méjì, wọ́n sì fẹ́ kí Amẹ́ríkà bá wọn san nínú rẹ̀, láti ibẹ̀ ni owó òǹtẹ̀ ti 1765, owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ìwé, ti wá. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà gbà dé òmìnira Amẹ́ríkà, ẹ ti mọ̀ ọ́n.


Ará Ọ̀yọ́ ní Miami fèsì pé:

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, nítorí ogun yìí kan àwa náà ní ọ̀nà kan tí a kì í sábà rántí. Kò mọ sí Ohio. Ní 1758, Gẹ̀ẹ́sì gba Saint-Louis àti Gorée lọ́wọ́ Faransé ní Sẹ̀nẹ̀gàl, nítorí òwò gọ́ọ̀mù igi àti òwò ẹrú. Ní 1759 wọ́n gba Guadeloupe. Lẹ́yìn ìṣẹ́gun wọn, àwọn ará London jiyàn gan-an lórí èwo ni kí àwọn dá padà fún Faransé nínú Kánádà àti Guadeloupe, nítorí ṣúgà erékùṣù kékeré yẹn ń mú owó wọlé ju gbogbo yìnyín Kánádà lọ. Faransé fúnra rẹ̀ yan erékùṣù oníṣúgà.

Nígbà tí Sípéènì dá sí ìjà náà, Gẹ̀ẹ́sì kó ọkọ̀ ogun lọ, wọ́n sì gba Havana ní Kúbà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ 1762. Wọn kò lò ju nǹkan bí oṣù mọ́kànlá lọ níbẹ̀, wọ́n sì gba Florida ní pàṣípààrọ̀ fún un nínú àdéhùn Páríìsì. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀ yẹn, àwọn oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ẹrú láti Áfíríkà wọ ìlú náà lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn ọlọ́ko ìrèké sì tọ́ ọ wò pé ó dùn. Sípéènì padà dé, kò sì ti ilẹ̀kùn náà mọ́ bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn baba ńlá àwọn Lukumí, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá ní Kúbà, dé ibẹ̀ ní ọ̀rúndún tí ó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ṣùgbọ́n oko ìrèké tí wọ́n bá níbẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbòòrò láti ìgbà yẹn.


Ọmọ Kétu fèsì pé:

Mò ń ka ọ̀rọ̀ yín láti ìlú Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kan náà yìí ni wọ́n jókòó ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹjọ 1889 tí wọ́n fa ìlà tí ó fi Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ sí ọwọ́ Faransé, tí ó sì fi Ìmẹ̀kọ, níbi tí àwọn ìyá mi ti wá, sí ọwọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kò yìnbọn lu ara wọn nítorí tiwa. Lórí tábìlì ni wọ́n ti ṣe é.


Ìyá Ìbejì Pittsburgh kọ̀wé pé:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọmọ mi ti kọ ojú ìwé mẹ́rin dípò méjì, ó sì ti fi orúkọ Shingas sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. A tún lọ sí ibi ìkòríta omi náà lánàá, mo fi ibi tí odi kejì gùn dé hàn án, ó sì rí i fúnra rẹ̀ bí ó ti tóbi tó. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù tí kò jẹ́ kí n sinmi: àwọn pẹlẹbẹ òjé tí Faransé sin yẹn, ṣé wọ́n ṣì wà nínú ilẹ̀? Ó ní òun fẹ́ lọ gbẹ́ ẹ.


Awọnlẹ̀ Ìbàdàn fèsì pé:

Ẹ sọ fún un pé kí ó fi ọkọ́ sílẹ̀, Ìyá Ìbejì. Ọ̀kan nínú wọn kò tilẹ̀ dé inú ilẹ̀: ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn Seneca, tí wọ́n jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn Iroquois, wọ́n sì gbé e lọ bá William Johnson, aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, pé kí ó ka ohun tí a kọ síbẹ̀ fún àwọn. Ẹ lè fojú inú wo bí Johnson ṣe kà á fún wọn. Ní 1846, ọmọdé kan rí òmíràn ní ibi tí Odò Kanawha ti já sínú Ohio, ilé ìṣúra ìtàn kan ní Virginia ni ó wà báyìí. Èyí tí wọ́n sin sí ẹnu Odò Muskingum ni ó dùn mọ́ mi jù. Ní 1798, àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń wẹ̀ nínú odò rí etí rẹ̀ tí ó yọ síta níbi tí omi ti jẹ bèbè. Wọ́n yọ ọ́. Wọn kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n wọ́n mọ òjé nígbà tí wọ́n bá rí i, nítorí náà kí àgbàlagbà kan tó rí i lọ́wọ́ wọn, wọ́n ti gé lára rẹ̀, wọ́n sì ti yọ́ ọ fi rọ ọta ìbọn.